Pípín Ètò Kọ̀ǹpútà sí Ìpín-ìpín

Ọdún 1975 ni Gerald Sussman àti Guy Steele dá èdè kọ̀ǹpútà Scheme sílẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà. CHICKEN, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpáílà rẹ̀, a máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè C.

Bí ètò ńlá bá wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, àtúnṣe kékeré yóò mú kí a túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà: ẹ pín in, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì kéde orúkọ tí àwọn yòókù lè lò. Orúkọ tí a kò kéde wà ní ìkọ̀kọ̀. Kò ní forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Bí ohun tí a kéde kò bá yí padà, ìpín tí a tún ṣe nìkan ni a óò tún túmọ̀, kí a tó so gbogbo wọn pọ̀.