Òórùn, Ohùn àti Ibi Tí A Mọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Jí Ìrántí Ayọ̀ àti Ìrántí Ẹ̀rù

 

Ẹni tó bá gbé Tanke nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, tó wá padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, yóò rí i pé ìrántí kì í tọrọ ààyè kó tó wọlé. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Tipper Garage, tí òórùn àkàrà àárọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kíá ni yóò rántí yàrá tó gbé, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń dáná, àti ìdánwò tí kò jẹ́ kó sùn. Kò jókòó ronú rẹ̀. Òórùn ló pè é wá. Ẹlòmíràn lè gba ojú ọ̀nà kan náà, níbi tí ọkọ̀ ti gbá èèyàn rẹ̀ kan rí, kí àyà rẹ̀ já, kí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, kó sì bẹ oníkẹ̀kẹ́ pé kó gba ibòmíràn. Ọ̀nà kan ni, ìrántí méjì ni.

Kí ló ń fa èyí? Ṣé àìlágbára ìgbàgbọ́ ni? Ṣé iṣẹ́ àlùjọ̀nnú ni? Irú ìbéèrè yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lónìí, nítorí ó kan bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀rù ti bà rí, ó sì kan ọ̀nà tí a ń gbà fi ẹ̀sìn mọ àwọn ọmọ wa.

Bí ọpọlọ ṣe ń fi ìrántí pamọ́

Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wa, kì í ṣe nǹkan náà nìkan ni ọpọlọ ń fi pamọ́. Ó máa ń di ohun tó wà ní àyíká pọ̀ mọ́ ọn: òórùn tó ń fẹ́, ohùn tó ń dún, àwọ̀ ògiri, òjò tàbí oòrùn ọjọ́ náà. Ẹ̀yà méjì ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni hippocampus, tó ń to ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Èkejì ni amygdala, ẹ̀yà kékeré tó ń fi ẹ̀rù tàbí ayọ̀ sàmì sí i. Lọ́jọ́ iwájú, bí ẹyọ kan péré nínú àwọn nǹkan àyíká náà bá tún fara hàn, ó lè fa gbogbo ìyókù jáde.

Òórùn ló ní ọ̀nà tó kúrú jù. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ máa ń kọ́kọ́ gba ibùdó kan nínú ọpọlọ kọjá, tí wọ́n ń pè ní thalamus, kí ó tó dé ibi tí ìrántí wà. Òórùn kò ní láti yà síbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wọ mọ́tò ní Tanke, tó gúnlẹ̀ sí Ọjà Ọba láìsọ̀ kalẹ̀ ní Post Office. Ìdí nìyí tí òórùn tàdáà fi lè dá àgbàlagbà padà sórí ẹní ilé kéwú, tòun ti wàláà lórí itan. Àwa tí a kọ́ kéwú láti kékeré mọ̀ pé òótọ́ ni.

Etí náà ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó dàgbà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń lu wéré kiri láti jí àwọn ènìyàn sí sààrì, bó bá gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ lónìí ní London tàbí ní Amẹ́ríkà, Ramadan ilé bàbá rẹ̀ yóò dé bá a níbi tó wà.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ara lè rántí ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ní ọdún 1911, dókítà ará Switzerland kan, Édouard Claparède, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí àìsàn kò jẹ́ kó lè fi ohun tuntun sọ́kàn mọ́. Bí dókítà bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì padà wá, kò ní í mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́jọ́ kan, dókítà fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sọ́wọ́ nígbà tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì gún un. Nígbà tó tún nawọ́ sí i lẹ́yìn náà, obìnrin yìí kò rántí pé abẹ́rẹ́ gún òun, síbẹ̀ ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé rí. Ó lè má lè sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó wà ní kékeré, kí ara rẹ̀ má sì gbàgbé.

Àpẹẹrẹ láti inú ẹ̀sìn wa

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ Súrà Yúsúfù. Ànábì Yàkúbù ti sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí àwọn tó gbé ẹ̀wù Yúsúfù kúrò ní Íjíbítì, tí wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ó ti sọ pé òun ń gbọ́ òórùn ọmọ òun. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló tún ń dà á láàmú. Iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́hun ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òórùn ni Ọlọ́hun fi bá ọkàn bàbá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo Ànábì wa náà. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé lẹ́yìn ikú Khadija, ọmọ ìyá rẹ̀ Hala wá tọrọ ààyè láti wọlé. Bó ṣe tọrọ ààyè rán Ànábì létí Khadija, ọkàn rẹ̀ sì rú sókè. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun Badr. Zaynab ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀gbà ọrùn ránṣẹ́ láti ra ọkọ rẹ̀, Abu al-As, padà kúrò nínú ìgbèkùn. Ẹ̀gbà tí Khadija fún un nígbà ìgbéyàwó ni. Nígbà tí Ànábì rí i, àánú ṣe é gidigidi, ó sì bẹ àwọn sàhábé pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ẹ̀gbà padà fún Zaynab.

Ìtàn tó ṣe pàtàkì jù lórí ọ̀rọ̀ wa yìí ni ti Wahshi. Ní ogun Uhud, ní ọdún 3 Hijra, Wahshi pa Hamza, arákùnrin bàbá Ànábì. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí gba Mẹ́kà ní ọdún 8 Hijra, ó wá gba Ìsìláàmù. Ànábì gbà á, kò gbẹ̀san lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bi í bóyá ó lè máa gbé ojú rẹ̀ kúrò níwájú òun. Bukhari ló gba èyí náà wá.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Ìdáríjì ti pé, síbẹ̀ ojú ẹni náà ṣì ń mú ọjọ́ Uhud padà wá. Bó bá jẹ́ àìnígbàgbọ́ ló ń mú kí ènìyàn máa sá fún ohun tó ń rán an létí ìrora, ta ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára ju ti Ànábì lọ? Nítorí náà, ẹni tó sọ pé òun ti dárí ji ni, tí kò sì lè jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe pè é ní òpùrọ́.

Nígbà tí ìrántí bá di àìsàn

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọpọlọ ló ń ṣọ́ni, ohun rere sì ni. Àmọ́ ìṣọ́ náà lè le ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn bọ́ǹbù tó wà ní bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló kú, púpọ̀ nínú wọn ló kó sínú odò ní Òkè-Afá níbi tí wọ́n ti ń sá. Nítòsí wa níbí, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tó la irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ já lè dojú bolẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá yin bángà lọ́jọ́ ọdún. Kò ya wèrè. Ara rẹ̀ ṣì rò pé ọjọ́ náà kò tíì parí ni.

Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àìsàn yìí sínú ìwé àìsàn wọn, wọ́n pè é ní PTSD. Àwọn àmì rẹ̀ ni àlá burúkú, kí ohun tó ti kọjá máa padà wá bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, sísá fún ibi kan tàbí ènìyàn kan, ìbínú òjijì, àti kí ara máa ta gìrì ṣáá. Bó bá ti lé ní oṣù kan tí kò sì lọ, ó ti tó ohun tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí náà kò fojú di irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 322 Hijra, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ìlera ọkàn pa pọ̀. Ó sọ nípa ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní ìtọ́jú.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ẹ má ṣe fi agbára fa ẹni náà lọ síbi tó ń bẹ̀rù. Lóòótọ́, pípadà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wà lára ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó darí rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá gbé e, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó mí jẹ́jẹ́, kó sì dárúkọ ohun márùn-ún tí ojú rẹ̀ ń rí níbẹ̀. Omi tútù àlùwàlá máa ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti mọ̀ pé òní ni òní í ṣe. Ẹ ṣe àdúà fún un, ẹ ka Kùránì sí i, kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìyẹn dípò dókítà, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni dè é tàbí nà án nítorí àti lé àlùjọ̀nnú. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta náà ti ń ṣe é láti ọdún 1954. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àbùkù ìdílé.

Ọ̀rọ̀ ilé kéwú

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa àáfà àti ẹ̀yin òbí gan-an nìyí. Ohun tí ọmọ bá kọ́ ní ilé kéwú, ọpọlọ rẹ̀ yóò dì í pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kòbókò ló ń bá gbogbo àyà tó ń kà rìn, ó lè há Kùránì sórí tán, kí ọkàn rẹ̀ máa pá a láyà nígbàkigbà tó bá gbọ́ ọ. Bó bá dàgbà tó kúrò lábẹ́ wa, a óò máa sọ pé ayé ló fà á kúrò nínú mọ́ṣáláṣí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, fídíò kan jáde láti ilé kéwú kan ní Ganmo, lẹ́bàá Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínàkunà. Gbogbo Nàìjíríà ló rí i, ìjọba Kwara sì dá sí i. Àwọn kan sọ pé ìbáwí ni, pé àwọn òbí ló ní kí wọ́n nà wọ́n. Àwọn kan yóò sì mú hádíìsì nínà ọmọ ọdún mẹ́wàá lórí ìrun jáde. Ṣùgbọ́n hádíìsì yẹn fi ọdún mẹ́ta ìkọ́ni ṣáájú, láti ọdún méje dé mẹ́wàá. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé nínà náà kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ kan ojú. Níbo ni kòbókò ti wá wọ inú rẹ̀?

Anas sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkanra kan lẹ́nu rẹ̀. Mu'awiya ọmọ al-Hakam sọ̀rọ̀ lórí ìrun nítorí kò mọ̀. Ànábì kò nà án, kò bú u, ó ṣàlàyé fún un ni. Ọkùnrin náà rántí ọjọ́ yẹn títí ó fi ròyìn pé òun kò rí olùkọ́ tó dára jù ú lọ rí. Ibn Khaldun, tó kú ní ọdún 1406, ya orí kan sọ́tọ̀ nínú Muqaddimah láti sọ pé líle mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ó sì ń kọ́ ọ ní irọ́ àti ẹ̀tàn.

Òmíràn wà tí a lè fi sọ́kàn ọmọ dípò ẹ̀rù. Wòlímọ̀ Ìlọrin jẹ́ àpẹẹrẹ rere: aṣọ tuntun, oúnjẹ, ìyá tó ń sunkún ayọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ka Kùránì láàárín èrò. Ọmọ kì í gbàgbé rẹ̀. Kò sì yẹ kó jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ẹ fi lọ́fínńdà sí i lára ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ jẹ́ kí tùràrí máa rùn nínú ilé nígbà Ramadan. Ẹ fún un ní dàbínù nígbà tó bá parí hísíbù kan. Ẹ mú un dání lọ sí mọ́ṣáláṣí, bó bá ṣeré níbẹ̀, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Bí ọmọ náà bá gbọ́ ìpè ìrun ní ìlú òkèèrè lọ́jọ́ kan, ọwọ́ yín ni yóò rántí, ìrun ni yóò sì wù ú kí.

Kí Ọlọ́hun wo ọkàn tó fara pa láàárín wa sàn, kí Ó sì fi ìfẹ́ Kùránì sọ́kàn àwọn ọmọ wa. Àmín.