Fífọ fíìmù aláwọ̀ nílé: Ooru àti àkókò ni kókó iṣẹ́ náà

Ẹyin ni fíìmù tí wọ́n ti fi ya àwòrán. Bí ó bá bọ́ lulẹ̀, kò sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́. Àwòrán ìkómọ tàbí ti ìgbéyàwó tó bá bàjẹ́ sínú kẹ́míkà kò ṣeé tún yà, nítorí ọjọ́ náà ti lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ fọ fíìmù aláwọ̀ fúnra rẹ̀ nílé fi gbọ́dọ̀ mọ ohun méjì dunjú: ìwọ̀n ooru àti ìwọ̀n àkókò.

Ìlànà tí wọ́n ń lò jù fún nẹ́gátíìfù aláwọ̀ ni C-41, èyí tí ilé-iṣẹ́ Kodak gbé jáde lọ́dún 1972. Kẹ́míkà méjì ló ṣe kókó nínú irú èyí tí wọ́n ń tà fún ìlò ilé. Dẹ́fẹ́lọ́pà ló ń mú àwòrán hàn. Blix ló ń yọ fàdákà kúrò lára fíìmù kí àwòrán lè dúró. Dẹ́fẹ́lọ́pà gbọ́dọ̀ wà ní 37.8°C, kí ó sì wà lára fíìmù fún ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15.

Kí ló fa òfin líle yìí? Ipele mẹ́ta tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló gun ara wọn lára fíìmù: ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ìkẹta fún pupa. Kẹ́míkà gbọ́dọ̀ gba ti òkè kọjá kó tó dé ti ìsàlẹ̀. Bí ó bá tutù jù, àwòrán yóò ṣá, ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ní ṣe déédéé. Bí ó bá gbóná jù, tàbí tó pẹ́ jù, nẹ́gátíìfù yóò dúdú ju bó ti yẹ lọ. Ibi tó mọ́lẹ̀ lè fì sí àwọ̀ kan, kí ibi tó ṣókùnkùn fì sí òmíràn. Ẹni tó ń tẹ fọ́tò kò sì ní rí i tún ṣe tán. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà.

Inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń ki fíìmù sínú táǹkì. Bí wọ́n bá ti dé e, iṣẹ́ yòókù ṣeé ṣe nínú ìmọ́lẹ̀. Kí wọ́n bu omi gbígbóná sínú ọpọ́n ńlá, kí ó tó 39 tàbí 40°C, kí wọ́n sì gbé àwọn ìgò kẹ́míkà àti táǹkì sínú rẹ̀. Omi tó pọ̀ kì í tètè tutù, nítorí náà iṣẹ́ kò ní dúró bí iná bá lọ. Inú ìgò dẹ́fẹ́lọ́pà gan-an ni kí tẹmọmítà wà, nítorí omi ọpọ́n lè gbóná kí ti inú ìgò má tíì gbóná.

Kí wọ́n kọ́kọ́ da omi 38°C sínú táǹkì fún ìṣẹ́jú kan, kí táǹkì tútù má baà fa ooru kẹ́míkà mu. Bí dẹ́fẹ́lọ́pà bá ti wọlé, kí aago bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa yí táǹkì sókè sódò fún ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30; láàárín rẹ̀, kí táǹkì padà sínú ọpọ́n. Bó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á jáde.

Blix kò le tó bẹ́ẹ̀. Láàárín 35 sí 40°C, ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ tó fún un. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, kò burú, kí ó má ti kúrú ni. Lẹ́yìn náà ni omi fífọ̀, kẹ́míkà ìkẹyìn, àti sísá.

Kí ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí wọ́n má sì fi ohun èlò náà se oúnjẹ mọ́ láé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tó bá ṣọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn dáadáa ti gba àwòrán rẹ̀ là.