Ẹ Má Ka Áńtẹ́nà: Bí A Ṣe Ń Yan Ráútà Olówó Pọ́ọ́kú Tó Máa Dé Yàrá Ẹ̀yìn

Tẹ́ ẹ bá wọ àdúgbò Otigba ní Ìkẹjà, ibi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Computer Village, tẹ́ ẹ sì ní ráútà lẹ fẹ́ rà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni, "Èló lẹ fẹ́ ná?" Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ọmọ ìtajà ti gbé páálí kan lé tábìlì, ó ti ń nàka sí àwọn ọ̀pá dúdú tó wà nínú àwòrán ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo áńtẹ́nà mẹ́fà! Wi-Fi yín á dé títì." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti torí ọ̀rọ̀ yìí san ìlọ́po méjì owó tí wọ́n pinnu láti ná, tí wọ́n délé, tí fídíò ò sì tún ṣí ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá aránṣọ kan ní àdúgbò wa ní Agége ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé. Yàrá tí ọmọ wọn ti ń wo fídíò ẹ̀kọ́ fún ìdánwò JAMB wà lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó dáadáa o. Èrè aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan gbáko ni mo fẹ́ kó lé e yìí." Owó tó tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tó fẹ́ fi rà. Àlàyé tí mo ṣe fún wọn nìyí, pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí rẹ̀.

Wi-Fi kì í ṣe rédíò

Radio Lagos wà ní Agídìngbí, nínú Ìkẹjà níbí. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí 107.5 FM, rédíò kékeré ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran sì ń gbọ́ ọ ketekete. Rédíò ọlọ́dẹ yẹn ò dá Radio Lagos lóhùn rárá. Ẹnì kan ń sọ, àwọn yòókù ń gbọ́, ó parí.

Wi-Fi yàtọ̀. Ìjíròrò ni. Ráútà máa ń gé dátà sí wẹ́wẹ́, á máa fi wọ́n ránṣẹ́, fóònù sì gbọ́dọ̀ máa dáhùn pé, "Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi." Tí ráútà ò bá gbọ́ èsì yẹn, á tún fi èyí tó ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, fídíò á dúró sójú kan, á máa yí bìrìbìrì. Ẹ wá ro ti fóònù wò: áńtẹ́nà rẹ̀ kéré, inú ara fóònù ló fara pamọ́ sí, ó sì ń ṣọ́ bátìrì lò. Ohùn rẹ̀ kì í sábà lágbára tó ti ráútà. Ìdí kan nìyẹn tí àmì Wi-Fi fi lè kún lójú fóònù kí nǹkan kan má sì ṣí: ẹ̀ ń gbọ́ ráútà, ṣùgbọ́n ráútà ò gbọ́ yín.

Ráútà tó kàn ń pariwo ò tán ìṣòro yìí. Ariwo náà tiẹ̀ ní ààlà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ò gbà kí Wi-Fi orí 2.4 GHz kọjá mílíwáàtì 100. Torí náà, ẹni tó bá ní ráútà òun lágbára ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ẹnìkejì lọ, ẹ rọra gbọ́ tirẹ̀. Ráútà tó ń gbọ́ràn dáadáa, tó sì wà níbi tó ti lè gbọ́ràn, là ń wá.

Áńtẹ́nà ò dá agbára sílẹ̀

Ẹ mú òkèlè ẹ̀bà kan, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ nínú abọ́. Á fẹ̀ sí i, àmọ́ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀bà náà ò pọ̀ sí i. Bí áńtẹ́nà ọ̀pá ṣe ń ṣe agbára nìyẹn. Nọ́ńbà dBi tó wà lára páálí ló ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Èyí tí dBi rẹ̀ pọ̀ máa ń lọ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, á sì dín kù lókè àti nísàlẹ̀. Ó dáa fún ilé ilẹ̀ tó gùn gbọọrọ. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó wà lókè lè má rí nǹkan kan gbà, àfi tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀pá kan dúró, tẹ́ ẹ sì dá òmíràn dùbúlẹ̀.

Ohun tó dáa lára áńtẹ́nà gidi ni pé bó ṣe ń ran ohùn ráútà lọ́wọ́ náà ló ń ran etí rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye kọ́ la fi ń mọ èyí tó dáa. Nínú ọ̀pọ̀ ráútà olówó kékeré tó ní ọ̀pá mẹ́rin, méjì ń ṣiṣẹ́ fún 2.4 GHz, méjì fún 5 GHz. Ọ̀pá mẹ́fà lè wà lára ẹ̀rọ kan kó má fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti ọlọ́pàá mẹ́rin yẹn lọ. Ẹ wá 2×2 nínú àlàyé ẹ̀yìn páálí. Ó túmọ̀ sí pé rédíò méjì ló wà fún sísọ̀rọ̀, méjì sì wà fún gbígbọ́.

Ẹ máa rí nọ́ńbà bíi AC1200 náà. Kì í ṣe pé fóònù yín á rí 1200 gbà o. Wọ́n ro 300 ti 2.4 GHz pọ̀ mọ́ 867 ti 5 GHz, wọ́n wá sọ ọ́ di 1200 kó lè dùn pè. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni fóònù tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ń lò lẹ́ẹ̀kan.

Ojú ọ̀nà méjì

Ìgbì 2.4 GHz gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. Ti 5 GHz ò ju nǹkan bíi 6 lọ. Èyí tó gùn yẹn ló máa ń rọrùn fún láti la ògiri kọjá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé òun nìkan ló dáa.

Àmọ́ èrò ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn. Lọ́dún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí i sílẹ̀ kí èèyàn lè lò ó láì gba ìwé àṣẹ, orílẹ̀-èdè tó pọ̀ sì ṣe bákan náà. Ibẹ̀ ni Wi-Fi wà, ibẹ̀ ni Bluetooth wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ maikrowéèfù tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná wà. Nínú gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni wọn ò gun ara wọn. Ní Agége, tí yàrá lé yàrá, tí ilé fara ti ilé, mo ti ka orúkọ Wi-Fi tó lé ní ogún láti ojú kan. Wi-Fi sì ní ẹ̀kọ́ ilé: kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ tẹ́tí. Tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà yẹn, á dúró dìgbà tó bá kàn án, bí àwọn tó tò sídìí ẹ̀rọ omi. Ogún ráútà lórí ìlà mẹ́ta, ẹ fojú inú wo ìlà omi yẹn.

5 GHz kì í jìnnà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti aládùúgbò náà kì í jìnnà dé ọ̀dọ̀ yín, ìlà tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ dáadáa. Torí náà, ráútà tó ní ojú ọ̀nà méjèèjì ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó ní 2.4 nìkan lè dín owó kù díẹ̀, àmọ́ ní àdúgbò tó fún pọ̀ bí tiwa, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dójú tì yín.

Ògiri, páànù àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn

Ní ìta gbangba, tẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ráútà, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ yín á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá fi ògiri kún un. Pákó tàbí síìlìǹgì ò fi bẹ́ẹ̀ gba nǹkan kan. Ògiri búlọ́ọ̀kù lè gba ìdajì, ó sì lè gba púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ́kì oníkọnkéré tí wọ́n fi irin dì tún le jù ú lọ. Tánkì omi máa ń fa ìgbì mu. Páànù àti ilẹ̀kùn irin máa ń dá a padà, ìdí nìyẹn tí ilé ìkẹ́rù onípáànù ní agbègbè ilé iṣẹ́ Ìkẹjà fi lè ní Wi-Fi tó kún nínú, kẹ́ ẹ sì bọ́ síta kó pòórá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò fura sí ni nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé. Èyí tí wọ́n fi ike hun ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí wọ́n fi irin tàbí alumíníọ̀mù hun ń dínà, torí ihò rẹ̀ kéré gan-an sí ìgbì sẹ̀ǹtímítà 12. Irú nẹ́ẹ̀tì irin kan náà ló wà lójú ilẹ̀kùn maikrowéèfù, tí kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ jó yín lójú. Irin ojú fèrèsé tí a fi ń dènà olè ò burú tó bẹ́ẹ̀, àlàfo rẹ̀ gbòòrò.

Ilé face-me-I-face-you sì ní oore tirẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín. Ráútà tó wà lókè lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè bá yàrá méjọ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn, dípò kó máa gún ògiri mẹ́rin ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé.

Síìmù fẹ́ fèrèsé, Wi-Fi fẹ́ àárín ilé

Ọ̀pọ̀ wa ní agbègbè yìí, ráútà alásíìmù la ń lò. Rédíò méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta sọ̀rọ̀, èkejì ń bá fóònù inú ilé sọ̀rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ti ìta fẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpó, ti inú sì fẹ́ àárín ilé. Ní ilé tó gùn, ibì kan ò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Bó ṣe rí ní ilé ìyá aránṣọ nìyẹn. Ráútà alásíìmù tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù. A fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Dípò ráútà ńlá, wọ́n ra ráútà AC1200 kékeré kan àti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mítà 25, a fa wáyà náà gba òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì kan ráútà kékeré mọ́ ògiri nítòsí yàrá ọmọ. Áàpù orí fóònù mi kà -84 nínú yàrá yẹn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ka -58. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó, 10 kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá agbára. Láti -67 wá sókè, fídíò á máa lọ geere. Tó bá ti kọjá -80 lọ sísàlẹ̀, ẹ má retí nǹkan kan. Owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ra bátìrì ráútà.

Wáyà yìí lè gùn tó mítà 100 láì pàdánù nǹkan kan. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ bàbà gidi, torí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lọ́jà. Tí kò bá sí ọ̀nà láti fa wáyà, extender lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbọ́ tó sì ń tún sọ lórí ojú ọ̀nà kan náà máa ń gé ìyára sí bí ìdajì. Ẹ má sì gbé e sí yàrá tí Wi-Fi ò dé. Ohun tí kò gbọ́, kò lè tún un sọ. Àárín méjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Iná ń kọ́?

Ráútà tí kò níná, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pàápàá kò ní dé. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ń lo 12V, 1A, ìyẹn wáàtì 12 ó pọ̀ jù, lílò rẹ̀ gangan sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ ò nílò jẹnẹrétọ̀ fún un. UPS kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà tó. Àmọ́ ẹ ṣírò: 10,000 mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀, lórí 3.7V ni wọ́n sábà ń kà á, ìyẹn wáàtì-wákàtí 37. Tí ráútà bá ń jẹ wáàtì 6, tí díẹ̀ sì ṣòfò lójú ọ̀nà, wákàtí 5 lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ ráútà méjì, ẹ pín in sí méjì.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbé fóònù rìn káàkiri, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka ògiri tó wà láàárín. Tó bá jẹ́ ògiri kan tàbí méjì, ráútà kan tó ní ojú ọ̀nà méjèèjì, 2×2, lórí Wi-Fi 5, á tó yín. Tí owó bá gbà, Wi-Fi 6 sàn, pàápàá níbi tí fóònù ti pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní la ògiri fún yín. Tó bá ju ògiri mẹ́ta lọ, ẹ ra méjì kékeré àti wáyà.

Ẹ rí i pé ráútà náà ní ipò Access Point, kí èkejì lè tẹ̀ lé àkọ́kọ́ láìjà. Tó bá jẹ́ alásíìmù, ẹ fi síìmù tiyín dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù, torí òmíràn wà tí wọ́n tì mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ béèrè bóyá NCC ti fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ náà. Ẹ wo ṣájà inú páálí bóyá fólítì rẹ̀ bá ti ẹ̀yìn ráútà mu. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lè dá a padà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi ọ̀sán dán an wò, torí àwọn aládùúgbò ò sí nílé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni kẹ́ ẹ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ṣí fídíò. Tó bá lọ geere nígbà yẹn, ẹ ti rí ráútà rà.