Ẹ Má Ṣe Lo Oògùn Àtọ̀gbẹ Láìjẹun

Ní ọjọ́ ọjà kan ni ọmọbìnrin kan mú ìyá rẹ̀ wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Òógùn bo Ìyá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń sọ ìsọkúsọ. Ọmọ ń sunkún pé ayé ti ṣe ìyá òun. Ká ní ọ̀dọ̀ wòlíì ni ó kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ẹjọ́ mìíràn ni à bá máa rò.

Mo bèèrè pé, “Kí ni Ìyá jẹ láàárọ̀?” Ó ní wọn kò jẹ nǹkan kan, èrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ wọn. Mo gún ìka wọn, mo fi ẹ̀rọ wò ó: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 41 mg/dl, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó bá ti dín ní 70 ti kéré jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lẹ́yìn àpòlúkù ni ẹ̀yà ara kan wà tí à ń pè ní pancreas, ó gùn bí ahọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe ínsúlínì, èyí tí ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ní ihò tín-ín-tín tí pọ́tásíọ̀mù ń gbà jáde. Bí a bá jẹun, agbára tí sẹ́ẹ̀lì rí nínú ṣúgà ni yóò dí ihò náà. Nígbà náà ni kálísíọ̀mù yóò wọlé, tí ínsúlínì yóò sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Glibenclamide a máa lọ dí ihò náà fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe pé ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ohun tí ó ṣe Ìyá nìyẹn: oúnjẹ kò wọlé, síbẹ̀ ínsúlínì ń tú jáde.

Àìsàn mìíràn ni ó jẹ́ kí a mọ irú oògùn yìí. Ní 1942, ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, Dókítà Marcel Janbon ń fi oògùn tuntun kan tọ́jú àwọn tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń ṣe. Ṣúgà wọn lọ sílẹ̀ gan-an, àwọn mìíràn tilẹ̀ kú. Auguste Loubatières wá dán an wò lára ajá: ṣúgà ajá tí ara rẹ̀ pé lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti ajá tí wọ́n ti yọ pancreas rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi wúlò fún ọmọdé tí sẹ́ẹ̀lì ínsúlínì rẹ̀ ti kú tán; abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni tirẹ̀.

Mo po ṣúgà mọ́ omi fún Ìyá, nítorí wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bèèrè ẹni tí ó ń ṣọ́ ìsọ̀ wọn. Ọmọ fẹ́ máa mú wọn lọ sílé kíá. Mo kọ̀. Ṣúgà tí a mu kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n agbára glibenclamide lè wà lára títí di wákàtí 24, pàápàá lára àgbàlagbà àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára. Mo ní kí wọ́n jẹun, mo sì kọ ìwé fún wọn sí ilé ìwòsàn ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú.

Ẹ̀yin tí ń lo irú oògùn yìí, ẹ rí i pé oúnjẹ ti délẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Ẹ má ṣe fún aládùúgbò ní hóró kan nínú rẹ̀. Ẹ fi ṣúgà oníhóró mẹ́rin sínú àpò. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi ṣúgà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú páálí oògùn rẹ̀ dání.