Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ orí ẹni: Ẹ̀yin onílé géèmù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹni tó ń wa bàálù nínú géèmù kọ̀ǹpútà kì í lè wo ọ̀tún wo òsì bíi awakọ̀ bàálù gidi, àfi kó tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ NaturalPoint, ní Oregon, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ṣe TrackIR. Kámẹ́rà kékeré ni, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé e sí. Oníbàárà yóò fi nǹkan tó ń dán há etí fìlà rẹ̀. Bó bá yí orí díẹ̀, àwòrán inú géèmù á yí púpọ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní kúrò níwájú kọ̀ǹpútà. Microsoft Flight Simulator X tó jáde lọ́dún 2006 wà lára àwọn géèmù tó ń lò ó.

Ṣùgbọ́n kò bá PlayStation ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà onífèrèsé Windows ló wà fún. Kò sì wúlò fẹ́ni tó ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù.

Ẹ kọ́kọ́ fi opentrack dán an wò: ọ̀fẹ́ ni, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà lásán sì tó o. Bí oníbàárà bá ń padà wá nítorí rẹ̀, ẹ wá ra TrackIR. Ọjà téèyàn ò béèrè, orí àtẹ ló ń gbó sí.