Bí Ọmọ Bá Fi Orí Gbálẹ̀: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí A Ya Àwòrán Inú Orí Rẹ̀?



Kò sí ilé tí ọmọdé wà tí ọmọ kì í ṣubú. Bí ó bá wá fi orí gbálẹ̀, jìnnìjìnnì a bo alágbàtọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, "Ṣé ẹ kò ní ya àwòrán orí rẹ̀ ni?" Ìbéèrè yìí kan àwa tí a ń tọ́jú ọmọ òrukàn gan-an. Amánà ni ọmọ náà lọ́wọ́ wa, amánà sì ni owó tí àwọn ará dá.

Àwòrán tí à ń sọ ni CT scan. Ó ń fi egungun agbárí tó fọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí hàn. X-ray lásán kì í fi ọpọlọ hàn, nítorí náà kò lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán ni CT scan ń lò, ara ọmọdé kò sì gba ìtànṣán bíi ti àgbà: ó lè fi díẹ̀ kún ewu àrùn jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi í ya gbogbo ọmọ tó bá ṣubú.

Ní ọdún 2009, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 42,412 tí wọ́n fi orí ṣèṣe, tí ojú wọn ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn 25 ní Àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n ya àwòrán fún nǹkan bí 35 nínú 100. Nínú àwọn tí wọ́n yà fún, nǹkan bí 5 péré nínú 100 ni àwòrán fi ìpalára hàn nínú orí wọn. Ìlànà tó jáde láti inú ìwádìí náà pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà 3.

1. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ya àwòrán fún láìjáfara
Ọmọ tí kò jí dáadáa, tí oorun ń gbé lọ ṣáá, tí ń ṣe ségesège, tàbí tí ń béèrè ohun kan náà léraléra. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, tàbí tí àyíká ojú rẹ̀ méjèèjì dúdú. Ọmọ ọwọ́ tí egungun orí rẹ̀ fọ́ tí ọwọ́ sì bà á. Ó lé ní 4 nínú 100 irú wọn tó ní ìpalára tó le. Bákan náà, bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, ẹ sáré gbé e lọ.

2. Àwọn tí dókítà lè kọ́kọ́ ṣọ́
Ọmọ ọdún 2 sókè tó dákú fúngbà díẹ̀, tó bì, tí orí ń fọ́ gan-an, tó já láti ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, tàbí tí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà gbá. Ọmọ tí kò tó ọdún 2 tó dákú, tó já láti ibi tó ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tí ìpàkọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ wú, tàbí tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ewu wọn kò tó 1 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo, dókítà lè ṣọ́ ọ fún wákàtí mélòó kan. Bí àmì bá pọ̀, bí ó bá ń le sí i, tàbí bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 3, àwòrán yá.

3. Àwọn tí kò nílò rẹ̀
Ọmọ tí kò ní ìkankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, tó sunkún lójú ẹsẹ̀, tó sì ń ṣeré. Kókó iwájú orí nìkan kì í sábà jẹ́ ewu.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ wà lára àwọn àmì. Dókítà kò mọ bí ọmọ náà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ní ìyá, ìyá rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ta ni yóò sọ ọ́ fún ọmọ òrukàn? Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó gbé e lọ, kì í ṣe ẹni tó kàn ráyè. Kó rántí ìgbà tó ṣubú, bí ibẹ̀ ti ga tó, bóyá ó dákú, àti iye ìgbà tó bì.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé e lọ sílé, ó lè sùn. Ẹ máa jí i wò lóru ọjọ́ náà. Bí kò bá jí dáadáa, tàbí tó ń bì léraléra, ẹ padà kíákíá. Ẹ má ṣe da omi tàbí àgbo sí ọmọ tó dákú lẹ́nu: ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ọmọ bá wà ní ọ̀nà kìíní, tí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín kò sì ní ẹ̀rọ náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé gbé e lọ síbi tó ní in. Ẹ má jókòó de owó kí ẹ tó gbéra. Ẹ máa lọ, kí ẹnìkan máa pe ìgbìmọ̀ lójú ọ̀nà. Owó tí a kò ná sórí àwòrán tí kò pọn dandan ni yóò wà nílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.