Iṣu Inú Ọkọ̀ Ń Mí

Bí a bá bi ọmọdé léèrè ìyàtọ̀ ohun ẹlẹ́mìí sí ohun aláìlẹ́mìí, yóò ní ewúrẹ́ ń rìn, òkúta kò rìn. Iṣu ńkọ́? Kò rìn, kò fọhùn, síbẹ̀ ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti wà á kúrò nínú ebè. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń jẹ oúnjẹ tí ó kó pamọ́ sára, ó sì ń tú ooru àti omi jáde. Ìdí nìyí tí ó fi ń fúyẹ́ nínú àká, tí ó sì ń hù bí àsìkò bá tó.

Lójú ẹni tí ó yá owó ra iṣu ní Zaki Biam, ní ìpínlẹ̀ Bẹ́núè, láti kó o lọ sí Kánò, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ilé-ìwé. Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe tò ó bí ẹni ń to sìmẹ́ńtì. Tàpólì tí a fi bò ó pinpin ń sé ooru mọ́ ọn, ìjẹrà sì dé nìyẹn. Gàrí yàtọ̀: ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a fún, tí a sì yan ti kú pátápátá, a lè dì í pa. Iṣu ń fẹ́ ibòji àti afẹ́fẹ́, kí a sì máa ṣẹ́ èhù rẹ̀ bí ó bá ti ń yọ.